Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fi òwe yìí tu ẹni tí ohun kan bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú, pé bí ibì kan bá dí, ibòmíràn yóò là. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ara balẹ̀ yẹ òwe náà wò, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òwò pọ́ńbélé ni ó jẹ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ọjà tí ọ̀nà púpọ̀ wọ̀, tí olùtà àti olùrà ti ń wá láti ìlú oríṣiríṣi, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè dá iye lé nǹkan níbẹ̀ bí ó ti wù ú. Bí aláta kan bá gbé ọjà rẹ̀ gun orí igi, aláta mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà kan bá ná ọjà ní ìnákúnàá, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ó ń dáàbò bo tálákà nínú ọjà kì í ṣe àánú olówó, bí kò ṣe pé olówó tí ó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá di gbogbo ọ̀nà yòókù, tí ó ku ọ̀nà kan ṣoṣo, tí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sí ẹnu rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni òwò òkè-òkun ti ń bi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti bí 150 ọdún sẹ́yìn. Ìgbà tí olùtà bá ku ẹyọ kan, a lè pè é ní àdánìkàntà; ìgbà tí olùrà bá ku ẹyọ kan, àdánìkànrà ni. Ìlú kan sì wà tí ìtàn rẹ̀ fi gbogbo ojú tí ọ̀ràn náà ní hàn: Enugu ni, olú-ìlú ilẹ̀ Ìgbò àtijọ́. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ Enugu kò kan òun kò tíì rántí pé ohun tí ojú epo pupa rí níbẹ̀ ni ojú kòkó rí ní Ìbàdàn, Oǹdó àti Iléṣà.

Enugu kò dà bí Ọ̀yọ́ tàbí Ilé-Ifẹ̀, tí ààfin ọba ni ó sọ wọ́n di ìlú. Ohun títà ni ó dá Enugu sílẹ̀. Ní ọdún 1909, àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti wá ohun inú ilẹ̀ kiri, tí Albert Kitson ṣe olórí wọn, rí èédú nínú àwọn òkè agbègbè Udi. Ní ọdún 1915 ni wíwa èédú bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1916, ojú irin ti gùn láti Port Harcourt ní etí omi títí dé ẹsẹ̀ òkè náà. Ibùdó àwọn awakùsà di ìlú. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Ìgbò sì túmọ̀ sí orí òkè. Ní ọdún 1929, ìjọba fi í ṣe olú-ìlú gbogbo ẹkùn Gúúsù, lẹ́yìn náà ó di olú-ìlú Ìlà-Oòrùn. Láàárín ogún ọdún péré, ibi tí ewúrẹ́ ti ń jẹko ti di ibi tí a ti ń kọ ìwé àṣẹ sí ìlú àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ojú irin tí ó bí ìlú náà, ọ̀nà kan ni, ẹni kan ni ó sì ni ín.

Kí Enugu tó wà, ìjà ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ lórí epo pupa. Epo tí àwọn obìnrin ń fún ní ìgbèríko ni ó ń gba ojú omi lọ sí Liverpool, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, tí wọ́n sì ń fi í pa ẹ̀rọ. Láàárín obìnrin wọ̀nyí àti Òyìnbó, àwọn ìlú etí òkun ni ó jẹ́ alágbàtà. Ọba Ja Ja ti Opobo lókìkí jù nínú wọn. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì parapọ̀ láti bu iye epo kù, Ja Ja kò jẹ́ fún wọn. Ó ń fi epo tirẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1887 ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè é wá sínú ọkọ̀ bí ẹni ń pe ni síbi ìjíròrò, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn. Kò padà rí Opobo mọ́. Ojú ọ̀nà àbọ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1891.

Òtítọ́ kò ní gbẹ́sẹ̀ kan ilẹ̀ kí ó gbé èkejì sókè. Ja Ja alára kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba inú ọjà òun kọjá. Àwọn ìlú tí ó ń ta epo fún un kò gbọ́dọ̀ tà á fún Òyìnbó láìgba ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń bá Òyìnbó jà sí kì í ṣe pé kí ọ̀nà pọ̀, bí kò ṣe ẹni tí yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Èyí ni ó yẹ kí òǹkàwé dì mú ṣinṣin nítorí pé yóò tún farahàn: ẹni tí àdánìkànrà ń ni lára kì í sábà kórìíra àdánìkànrà, ipò ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ó máa ń wù ú.

Ní apá Odò Ọya, George Goldie ṣe é ju bí Ja Ja ti lálàá rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1879, ó pa àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bá ara wọn díje lórí odò náà pọ̀ di ẹyọ kan. Ní ọdún 1886, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ, ó sì di Royal Niger Company, oníṣòwò tí ó ní ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti owó orí. Òfin sọ pé òwò lómìnira lórí odò; ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba owó ibodè kan náà ni ẹni tí ń ra epo, báwo ni olùdíje rẹ̀ yóò ṣe jèrè? Àwọn ará Nembe, tí wọ́n ti ń ra epo lórí odò náà láti ayé baba wọn, di àjèjì àti afàyàwọ́ lójijì. Nígbà tí ebi fẹ́ pa wọ́n, wọ́n kọlu ibùdó ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa ní oṣù kìíní ọdún 1895. Wọ́n fi ìyà jẹ wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ariwo náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọdún 1900 wọlé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ó sì san £865,000 fún un. Ẹni tí ó di ọ̀nà gba owó. Ẹni tí wọ́n dínà mọ́ gba ìbọn.

Ìjọba lọ, òwò kù. Ní ọdún 1920, Lever, aṣọṣẹ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra Niger Company. Ní ọdún 1929, a da Niger Company pọ̀ mọ́ abánidíje rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ, African and Eastern Trade Corporation, a sì sọ àwọn méjèèjì ní United Africa Company, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí UAC. Nígbà tí ọdún 1930 bẹ̀rẹ̀, Lever ti bá àwọn onímájárínì ilẹ̀ Holland dọwọ́ pọ̀ di Unilever. Kí ni èyí túmọ̀ sí fún obìnrin tí ó ru epo láti abúlé kan ní ẹ̀bá Udi? Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ni òṣùwọ̀n tí ó gbé epo kà, ẹni tí ó ni ilé ọjà tí yóò ti ra aṣọ àti iyọ̀, àti ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tí epo náà ń lọ, agbo ilé kan náà ni wọ́n. Owó tí ó gbà ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni ó fi ń dá a padà. John Holt wà, àwọn ará Faransé tí ó ni CFAO àti SCOA wà, Paterson Zochonis náà wà. Ṣùgbọ́n àwọn ńláńlá wọ̀nyí mọ ojú ara wọn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ti ń jókòó sọ̀rọ̀.

Kò jọni lójú nígbà náà pé ọdún 1929 kan náà ni Ogun Àwọn Obìnrin bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Owerri àti Calabar. Owó orí ni ó dá a sílẹ̀, nítorí ìròyìn gbilẹ̀ pé wọn yóò máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó ní ọdún 1930, ohun tí àwọn obìnrin ń tẹnu mọ́ léraléra ni pé iye epo àti èkùrọ́ ti wálẹ̀, nígbà tí ọjà tí wọ́n ń rà gbówó lórí. Ní Aba, ilé ọjà àwọn Òyìnbó àti báńkì wà lára ibi tí wọ́n fọ́. Obìnrin tí ó lé ní 50 ni ìbọn pa. Kì í ṣe pé wọ́n ka ìwé ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Wọ́n kàn mọ̀ pé àwọn kò ní ibòmíràn tí àwọn lè gbé epo lọ ni.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ yẹ àwọn ńláńlá wọ̀nyí sílẹ̀, kí ó di ẹrù tirẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù, ìdínà kejì ń dúró dè é ní etí òkun. Láti ọdún 1895 ni Elder Dempster ti Liverpool àti Woermann ti Jámánì ti bá ara wọn ṣe àdéhùn lórí iye owó ọkọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò le láti lóye. Oníṣòwò yóò san owó ẹrù rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n wọn yóò mú ìdá kan nínú mẹ́wàá pamọ́ fún un. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ tí kò sì di ẹrù kankan sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, wọn yóò dá owó náà padà fún un. Bí ó bá di ẹyọ ẹrù kan sínú ọkọ̀ àjèjì, gbogbo rẹ̀ ṣègbé. Báyìí ni owó oníṣòwò ṣe di ẹ̀wọ̀n fún olówó. Nígbà tí ó yá, UAC gan-an ra ọkọ̀ tirẹ̀ kí ó lè bọ́ nínú ìdè yìí. Nígbà tí Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 1959, Elder Dempster àti Palm Line, tí í ṣe ti UAC, ni ó bá a pín ìpín rẹ̀. Erin ni ó lè já okùn erin. Ehoro kò lè já a.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún 1937, UAC, Cadbury àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó Gold Coast àti Nàìjíríà jọ ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní bá ara wọn díje mọ́: olúkúlùkù yóò ra ìwọ̀n tí a pín fún un, kò sì ní sí ẹni tí yóò san ju iye tí a fi ẹnu kò sí lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà àgbẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń sọ. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast dá a lóhùn bí akọni: wọ́n ti kòkó wọn mọ́ inú àká, wọn kò tà á, wọn kò sì ra ọjà Òyìnbó, títí di oṣù kẹrin ọdún 1938. Ní Nàìjíríà, Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ké tantan sí àdéhùn náà. Ìgbìmọ̀ tí William Nowell darí wá láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wádìí, wọ́n sì sọ pé àdéhùn náà kò dára. Àdéhùn fọ́. Ayọ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ayọ̀ náà já sí ni ẹ̀kọ́ tí ó le jù lọ wà. Ogun àgbáyé dé, ìjọba gba ríra irè oko sí ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, kò dá a padà. Ìgbìmọ̀ tí yóò máa ta kòkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, ti epo pupa àti èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1949. Ní ọdún 1954, a pín wọn fún àwọn ẹkùn: Ìbàdàn ní tirẹ̀, ìjọba tí ó wà ní Enugu ní tirẹ̀. Bọ́ọ̀dù ni àgbẹ̀ ń pè é. Àlàyé tí wọ́n ṣe dùn létí: nígbà tí ọjà àgbáyé bá dára, Bọ́ọ̀dù yóò tọ́jú díẹ̀ pamọ́, nígbà tí ó bá burú, yóò fi èyí tí ó tọ́jú gbé àgbẹ̀ ró. Kò ní sí àdéhùn ìkọ̀kọ̀ mọ́, nítorí pé Bọ́ọ̀dù nìkan ni yóò máa ta ọjà lọ sí òkè-òkun. Àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ sì di aṣojú tí ń bá Bọ́ọ̀dù rà á. Ohun tí àwọn oníṣòwò gbìyànjú láti ṣe ní ìkọ̀kọ̀, tí gbogbo ayé fi bú wọn, òun ni òfin wá ṣe ní gbangba. Ẹni tí ó sá fún òjò ti bọ́ sínú odò.

Lọ́dọọdún, ohun tí Bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ sábà máa ń kéré sí ohun tí ó ń gbà lókè-òkun. Èyí tí ó ṣẹ́ kù di owó ìjọba. Kì í ṣe pé wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Epo pupa wà lára ohun tí ó kọ́ Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1960. Kòkó ni ó kọ́ ilé gíga Ìbàdàn tí ó ń jẹ́ Ilé Kòkó, tí wọ́n parí ní ọdún 1965. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, ẹni tí ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà ni ó ń mọ ibi tí yóò gbà. Ní ọdún 1956, ìgbìmọ̀ Foster-Sutton jókòó lórí owó ìjọba Ìlà-Oòrùn tí a kó sí African Continental Bank. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ Coker jókòó lórí owó àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tí kì í fojú rinjú ni ó wà ní ìlú méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀ràn tí ó gbé wọn dé iwájú ìwádìí jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹ̀yà kọ́ ni ó fà á, ẹgbẹ́ kọ́ ni. Ìdí Bọ́ọ̀dù ni.

Igi ọ̀pẹ náà fèsì ní tirẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò rí èrè kò gbin igi tuntun. Obìnrin tí epo kò mówó wọlé fún dín epo fífún kù, ó ń ta á ní ọjà ìtòsí níbi tí Bọ́ọ̀dù kò sí. Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 tún wá bá èyí tí ó kù jẹ́. Nàìjíríà tí ó ṣíwájú gbogbo ayé nínú títa epo pupa sókè-òkun jọ̀wọ́ ipò náà fún Malaysia kí ọdún 1970 tó dé. Ní ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ tú gbogbo Bọ́ọ̀dù ká. Lónìí, orílẹ̀-èdè tí epo pupa ti ń ṣàn jáde ń ra epo pupa wọlé.

Bí ti epo ti rí ni ti èédú rí, àní ó tún burú jù ú lọ. Rélùwéè ni oníbàárà èédú tí ó tóbi jù lọ, àwọn ilé iná mànàmáná sì ni ó tẹ̀lé e. Ìjọba ni ó ni gbogbo wọn, ìjọba náà ni ó ni kòtò èédú. Awakùsà tí owó rẹ̀ kò tó kò lè sọ pé òun ń lọ bá ọ̀gá mìíràn tí ń wa èédú, nítorí pé kò sí ọ̀gá mìíràn. Àìrí ibòmíràn lọ yìí wà lára ohun tí ó mú ìjà gbóná. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní kòtò èédú Iva Valley ní Enugu, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà tí ń bá ọ̀gá wọn fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ènìyàn 21 ni ó kú. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni a dá ilé-iṣẹ́ èédú ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Orúkọ yí padà, ẹnu ọ̀nà kò yí padà.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1959, èédú tí Enugu ń wà jáde lọ́dún kan ti súnmọ́ 900,000 tọ́ọ̀nù. Gíga rẹ̀ nìyẹn. Epo rọ̀bì ti jáde ní Oloibiri ní ọdún 1956, Rélùwéè sì ti ń ra ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísù dípò èédú. Ìlú tí ó bá ní oníbàárà mẹ́wàá, bí ọ̀kan bá yí ẹ̀yìn padà, yóò dùn ún, ṣùgbọ́n kò ní pa á. Ìlú tí ó gbára lé oníbàárà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí oníbàárà náà bá yí ọkàn padà ni ọjọ́ ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ogun dí àwọn kòtò náà pa. Lẹ́yìn ogun, wọn kò tún dé ibi gíga tí wọ́n ti dé rí, nígbà tí ó sì yá, iṣẹ́ dúró nínú wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, títóbi ni ẹ̀ṣẹ̀. Rárá o. Òwò òkè-òkun kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kékeré. Ọkọ̀ ojú omi wọ́n, ilé ìkẹ́rùsí wọ́n, owó tí a yá alágbàtà kí ìkórè tó dé kì í ṣe owó ẹni tí ń ta ìyẹ̀fun ní àwo. Bí kò bá sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ọ̀pọ̀ epo àti kòkó ìgbà náà ni ìbá jẹrà sínú igbó. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó tóbi nítorí pé ó ń ṣe nǹkan dáadáa ju ẹlòmíràn lọ, àti ẹni tí ó tóbi nítorí pé ó ti gé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ti àkọ́kọ́ kò lè sinmi, nítorí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn lè dé lọ́la. Ti èkejì kò bẹ̀rù ọ̀la, nítorí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà ní àpò rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi kì í ṣe bí ilé-iṣẹ́ kan ti tóbi tó, bí kò ṣe bóyá ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá a díje.

Enugu fúnra rẹ̀ ni ó fi ìdáhùn kan hàn. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, owó àwọn ènìyàn ti ṣègbé, kòtò èédú ti dákẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò sì yára padà. Ohun tí ó gbé ọ̀pọ̀ ìdílé dìde ni ọjà bí irú ọjà Ogbete, níbi tí ìsọ̀ ti kún fọ́fọ́ tí ẹnì kan kò sì lè dá iye lé nǹkan. Ètò ìkọ́ṣẹ́ òwò tí àwọn Ìgbò ń pè ní igba boi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọdékùnrin yóò sin ọ̀gá rẹ̀ ní ìsọ̀ fún ọdún mélòó kan; nígbà tí àkókò bá pé, ọ̀gá yóò fún un ní owó ìdókòwò kí ó lọ ṣí ìsọ̀ tirẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú òwò kan náà. Ọmọ Yorùbá mọ gbígba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀gá ni ó ń náwó fún ẹni tí yóò bá a díje. Ètò náà ní àléébù rẹ̀: ọ̀gá mìíràn a dalẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mìíràn a jalè. Síbẹ̀, ìgbà gbogbo ni ó ń la ọ̀nà tuntun wọ ọjà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá àti Bọ́ọ̀dù ń dí èyí tí ó wà.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ẹni tí ń kọ́lé lónìí ń bá a pàdé lórí sìmẹ́ǹtì. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti Nkalagu, tí ìjọba Enugu ìgbà náà ṣe agbátẹrù rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957. Ó ti pẹ́ tí ó ti dákẹ́, ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú sìmẹ́ǹtì orílẹ̀-èdè yìí báyìí. Ìjọba fẹ́ kí wọ́n dàgbà kí a má baà máa ra sìmẹ́ǹtì láti òkèèrè mọ́, ó sì dí ẹnu ibodè fún wọn. Èrò náà dára, ó sì so èso. Ṣùgbọ́n ìtàn Bọ́ọ̀dù ń kìlọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tí a bá dí nítorí ire gbogbo ènìyàn, ó yẹ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, kí a mọ ire ẹni tí ó ń ṣe.

Nàìjíríà ní òfin tí ó dojú kọ ọ̀ràn yìí nísinsìnyí. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ àdéhùn ìkọ̀kọ̀ lórí iye ọjà di ẹ̀ṣẹ̀, ó sì dá ẹni tí ó tóbi lẹ́kun lílo títóbi rẹ̀ láti pa ẹlòmíràn lára. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ kòkó fi ebi jà fún ní ọdún 1937 ti wà nínú ìwé. Àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà, tí òwò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2021, náà ní apá tí ó kan ìdíje. Ìwé kò sì tó. Òfin ti wà lórí Odò Ọya ní ayé Goldie pé òwò lómìnira, ẹni tí ó ni ibodè ni kò jẹ́ kí ó lómìnira. Òfin a máa lágbára bí àwọn tí ó ń ṣọ́ ọ bá yàtọ̀ sí àwọn tí ó ń jẹ èrè ẹnu ọ̀nà.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kù. Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò dúró níwájú ọmọdé lọ́la, tí wọn yóò máa sọ ìtàn kòkó àti ti epo. Bí wọ́n bá sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn Òyìnbó burúkú àti aláwọ̀ dúdú rere, wọ́n ti sọ ìdajì, ìdajì tí kò ní ṣọ́ ọmọ náà nígbà tí ó bá dàgbà. Ja Ja, Goldie, UAC, Bọ́ọ̀dù Enugu àti Bọ́ọ̀dù Ìbàdàn: àwọ̀ wọn yàtọ̀, èdè wọn yàtọ̀, èrò ọkàn wọn pàápàá yàtọ̀, ibi tí wọ́n jókòó sí ni kò yàtọ̀. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní kàn máa béèrè ẹni tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà. Yóò béèrè pé: ọ̀nà mélòó ni ó wọ ọjà yìí, ta ni ó sì dí àwọn yòókù?